Ìdin gbígbẹ fún òròmọdìẹ tó ń yan oúnjẹ jẹ: bí mo ṣe rí èyí tí mo rà ní Bódìjà

Kí n ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó ń kánjú lè tètè rí ohun tó ń wá. Ìdin gbígbẹ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tà fún àwa tí à ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé yìí dáa, mo máa tún un rà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kàn já ọ̀rá ẹ̀ tẹ́ ẹ dà á síwájú òròmọdìẹ tí ò rí irú ẹ̀ rí, wọn ò ní fẹnu kàn án, àwọn míì á tiẹ̀ sá lọ há mọ́ kọ̀rọ̀ búrúdà, ìyẹn ibi olóoru tí à ń kó òròmọdìẹ sí, ẹ ó wá máa rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Kì í ṣe ayédèrú o. Ọjà náà dáa, bí a ṣe máa gbé e fún wọn ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, bọ̀ọ̀dá tó tà á fún mi ò sì fi iṣẹ́ yẹn pamọ́ fún mi, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wù mí láti kọ èyí.

Adìẹ tèmi, noiler ni. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, noiler ni adìẹ tí àwọn Amo Farm ní Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́, ń pa jáde, wọ́n dìídì ṣe é fún ẹ̀yìnkùlé ni, ó ń yé ẹyin, ó ń lẹ́ran lára, ó sì lè máa jẹ̀ kiri fúnra ẹ̀. Àwọn ará Abẹ́òkúta náà ní FUNAAB Alpha tí yunifásítì wọn ṣe, òun náà dáa fún ilé, àmọ́ noiler lèmi rí rà. Èèyàn á wá rò pé adìẹ tó lè jẹ̀ kiri kò yẹ kó máa yan oúnjẹ. Ó ń yàn o! Òròmọdìẹ tí wọ́n ti ń fi fíìdì sítátà bọ́ láti ọjọ́ tó ti dé, sítátà yẹn nìkan ló mọ̀ sí oúnjẹ láyé yìí. Ẹ gé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ síwájú ẹ̀, á fi ojú ọ̀tún wò ó, á yí orí, á fi ojú òsì wò ó, á wá padà sídìí fíìdì ẹ̀ bí ẹni tí ò rí nǹkan kan. Àwọn kan lára tèmi kì í tiẹ̀ kọjá níbi tí ẹ̀fọ́ náà wà, wọ́n á yí i ká.

Mo rí i tí àwọn èèyàn máa ń bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á ní adìẹ òyìnbó ni, ó ti bàjẹ́, adìẹ ìbílẹ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo adìẹ ìbílẹ̀ náà dáadáa ná. Ọmọ tí àgbébọ̀ bá sàba lé, ìyá ló ń kọ́ ọ lóúnjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé tí adìẹ wà, ẹ mọ̀ ọ́n: ìyá á rí ikán, á máa ké kọ́-kọ́-kọ́ lóhùn jẹ́jẹ́, á ṣá a, á gbé e, á tún jù ú sílẹ̀, á tún gbé e, gbogbo ọmọ á sáré wá wo ohun tó wà lẹ́nu ìyá wọn. Àwọn onímọ̀ tó ń wo ìwà ẹranko ti rí i pé tí ìyá bá rí àwọn ọmọ ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹ ohun tóun mọ̀ pé kò dáa, ṣe ló máa ń tẹra mọ́ ìpè yẹn kó lè fà wọ́n wá síbi èyí tó dáa. Òròmọdìẹ ò mọ àwòdì, ìyá ẹ̀ ló mọ àṣá, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹ wá wo ti noiler tí a rà: inú ẹ̀rọ ló ti pa, láti inú ẹ̀rọ ó bọ́ sínú páálí, láti inú páálí ó bọ́ sínú búrúdà lábẹ́ gílóòbù, kò sẹ́ni tó ké kọ́-kọ́-kọ́ sí i rí. Ó wá ń bẹ̀rù ohun tí ò mọ̀, ìbẹ̀rù yẹn ló sì ń gba ẹ̀mí ọmọ adìẹ là tí kò bá sí ìyá nítòsí, torí ohun tó bá kàn ń gbé mì láìmọ̀dí lè pa á. Torí náà tí wọ́n bá ń yan oúnjẹ, ẹ má bá wọn jà, ìyá ni wọn ò ní, àwa la máa ṣe ìyá.

Ó yá, ọjà náà gan-an. Ìdin tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìdin eṣinṣin inú ilé o, kì í sì í ṣe ti ṣáláńgá. Ìdin eṣinṣin kan tí wọ́n ń pè ní black soldier fly ni, eṣinṣin gígùn dúdú, òun fúnra ẹ̀ tó bá ti di àgbà kì í bà lé oúnjẹ wa kiri bíi ti eṣinṣin ilé, kì í sì í buni jẹ. Ìdin ẹ̀ ló ń jẹun, ó ń jẹ èèpo èso, èrì, ìdọ̀tí ọjà, wọ́n á kó o nígbà tó bá ti tóbi, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á yan án tàbí kí wọ́n gbẹ ẹ́. Tó bá ti gbẹ dáadáa, purotéènì inú ẹ̀ máa ń tó bí ìdá 40 nínú 100, ọ̀rá inú ẹ̀ náà pọ̀ gan-an, káṣíọ̀mù pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi ìyẹn wé sítátà tí purotéènì ẹ̀ kò ju bí ìdá 20 lọ, ẹ ó rí i pé ìdin yìí ò ṣeé dà fún wọn bí a ṣe ń da fíìdì. Ìpápánu ni.

Èyí tí mo rà, àwọ̀ ẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi gàrí tí wọ́n yan jù díẹ̀, ó fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá fi ìka fọ́ ọ ó máa ń dún pẹ́, ó ń rún wẹ́wẹ́, kò rọ̀ lọ́wọ́ rárá. Òórùn ẹ̀ dà bí ti ẹ̀pà yíyan tí èdé díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Òórùn yẹn ṣe pàtàkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé mo ti kọ́kọ́ rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e ránṣẹ́, nígbà tó máa fi dé, nínú ọ̀rá náà ti lagùn, ìdin ti rọ̀, èbu funfun ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́, òórùn ẹ̀ sì ti kan. Mo pè é, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe máa ń rí o! Ohun tó bá ti bu kò yẹ ọmọ adìẹ, ì báà jẹ́ ìdin, ì báà jẹ́ àgbàdo, oró tó wà nínú èbu máa ń ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, ti òròmọdìẹ sì máa ń yá ju ti àgbà lọ. Mo dà á nù.

Èyí ló gbé mi dé Bódìjà, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta fíìdì, oògùn ẹran àti àwo ìjẹun. Mo fẹ́ràn bí bọ̀ọ̀dá tó wà níbẹ̀ ṣe ń tajà. Mo ní mo fẹ́ ìdin, kò tíì mú nǹkan kan, ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n mà?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń jẹ yanrìn?" Mo ní rárá, inú búrúdà ni wọ́n ṣì wà. Ló bá ní kí n mú yanrìn dání ná, òun ò ní ta ìdin fún mi láìsí yanrìn, àbí kí n lọ wá a nílé. Ọ̀rá ńlá ni mo nawọ́ sí, ó ní, "Ẹ mú kékeré yìí lọ ná mà, tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n jẹ kẹ́ ẹ padà wá gba ńlá." Ó já ọ̀rá kan tó wà fún ìyẹn, ó dà á sọ́wọ́ mi kí n gbóòórùn ẹ̀, kí n fọ́ ọ wò. Irú ọlọ́jà tó máa ń wo ire kọ́sítọ́mà nìyí, mo sì fi tọkàntọkàn yìn ín.

Ibi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe dáadáa sí i ni ara ọ̀rá náà. Wọn ò kọ ọjọ́ tí wọ́n gbẹ ẹ́ sí i, wọn ò kọ ìgbà tó máa lòpin, wọn ò sì kọ iye tó yẹ kí adìẹ jẹ lóòjọ́. Àlàyé tó yè kooro tí bọ̀ọ̀dá ṣe fún mi lẹ́nu yẹn, ẹni tí ò bá bá òun fúnra ẹ̀ níbẹ̀ kò ní gbọ́ ọ. Ìwé péńpé kan lásán tí wọ́n bá fi síbẹ̀ ì bá gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó asán.

Ní ti yanrìn yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta pẹ́-pẹ̀-pẹ́ mì, ó ní òun ò léyín, ìdérègbè tó léyín ṣé irin ló ń gbé mì ni? Òkúta pẹ́-pẹ̀-pẹ́ yẹn ni eyín ẹ̀. Inú iwe ló ń lọ, ibẹ̀ ló ti ń bá a lọ oúnjẹ. Sítátà ti lọ̀ kúnná tẹ́lẹ̀, omi àti itọ́ nìkan á rọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí òròmọdìẹ tó ń jẹ sítátà nìkan fi lè wà láìjẹ yanrìn. Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fún un ní ìdin, ẹ̀fọ́ tàbí ọkà, ó ti nílò eyín nìyẹn. Yanrìn odò tó ṣe ṣákáṣáká, tí kì í ṣe kúnná bí ìyẹ̀fun, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ fi sínú ìdérí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ búrúdà, wọ́n mọ iye tí wọ́n fẹ́. Ẹ má lo ìkarahun tí wọ́n ń fún adìẹ tó ń yé dípò ẹ̀ o, káṣíọ̀mù ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọdé, kíndìnrín ló máa ń bàjẹ́. Bákan náà ni fíìdì léyà, ìyẹn fíìdì adìẹ tó ń yé, àgbà nìkan ló wà fún.

Wàyí o, bí mo ṣe mú wọn mọ ìdin jẹ.

N kò fún wọn ní nǹkan kan yàtọ̀ sí sítátà àti omi ní bí ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, torí ikùn wọn ṣì ń kọ́ iṣẹ́ nígbà yẹn, àwọn náà ṣì ń wá ooru kiri. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi ìka rún ìdin díẹ̀ kúnná, mo wọ́n ọn sórí sítátà nínú àwo tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwo tí wọ́n mọ̀ o! Adìẹ ń rí àwọ̀ ju àwa èèyàn lọ, ó ń rí irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa ò lè rí, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ àwo pupa sí àwo búlúù lọ́jọ́ kan náà tẹ́ ẹ gbé oúnjẹ tuntun dé, ohun tuntun 2 lẹ ti kó dé iwájú ẹni tí ọ̀kan ṣoṣo ń dẹ́rù bà. Wọ́n jẹ sítátà wọn, wọ́n ń ṣá ìdin pọ̀ mọ́ ọn láìmọ̀, òórùn ẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ́kàn wọn.

Nígbà tí wọn ò sá fún ìyẹn mọ́, mo rẹ odindi ìdin díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí tó fi rọ̀, mo pò ó mọ́ sítátà bí èyí tí kò ṣàn tí kò sì gbẹ. Èyí ni wọ́n fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, mi ò mọ̀ pé sítátà tútù nìkan lè dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, lójú oòrùn ilẹ̀ yìí kíá ló máa kan, ẹ fún wọn ní ìwọ̀n tí wọ́n máa jẹ tán ní bí ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ kó ìyókù.

Odindi ìdin gbígbẹ ló kẹ́yìn. Ibí yìí lẹ máa ti ṣe ìyá gan-an. Ẹ lóṣòó sílẹ̀, ẹ má dúró lé wọn lórí, ọwọ́ tó bá ti òkè bọ̀ wá sínú búrúdà, àwòdì ni lójú òròmọdìẹ, kò sí bẹ́ẹ ṣe lè mú oúnjẹ dání tó, sísá ni wọ́n máa sá. Ẹ ti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹ da ìdin mélòó kan sórí ìdérí pẹlẹbẹ, ẹ wá máa fi ṣóńṣó ìka kan an, tọ-tọ-tọ, bí ẹnu àgbébọ̀ ṣe ń ṣe, ẹ máa fi ohùn yín ké kọ́-kọ́-kọ́. Ọmọ mi obìnrin ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nílé wa, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí gbogbo wọn á nà ọrùn. Ẹ máa mi ìdérí náà díẹ̀díẹ̀ kí ìdin máa yí, torí ohun tó ń mira ló ń fa ojú wọn ju ohun tó dákẹ́ lọ.

Kí ẹ sì fọkàn balẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn lẹ ní láti kọ́. Nínú gbogbo agbo adìẹ, akíkanjú kan máa ń wà. Tiwa jẹ́ ọmọ àkùkọ kan tó ní àmì funfun ní apá, òun ló kọ́kọ́ ṣá ọ̀kan, ó jù ú sílẹ̀, ó tún ṣá a, bó ṣe gbé e báyìí ló bá fi eré gé e, àwọn yòókù tí wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀ gbá tẹ̀ lé e, wọ́n ń lé e káàkiri búrúdà, wọ́n fẹ́ já a gbà lẹ́nu ẹ̀. Ó ti tán nìyẹn! Láti ìgbà tí eré yẹn ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń wò ó bí ejò tẹ́lẹ̀ ló ń ja ìjà lórí ẹ̀ báyìí. Adìẹ máa ń wo ẹnu adìẹ ẹgbẹ́ ẹ̀, torí náà ẹni tó bá ra ọmọ tuntun mọ́ àwọn tó ti mọ̀ ọ́n jẹ kò ní ṣe wàhálà púpọ̀.

Àsìkò tó dáa jù lójú tèmi ni ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti jẹ sítátà lọ́sàn-án tí ebi sì tún fẹ́ máa pa wọ́n díẹ̀. Ẹ má febi pa wọ́n torí kí wọ́n lè jẹ ìpápánu o, mo rí i tí àwọn kan ń gbà báyìí, kò dáa, ọmọ tó ń dàgbà ò gbọ́dọ̀ wà láìní fíìdì níwájú. Ẹ má sì ki nǹkan bọ̀ wọ́n lẹ́nu. Nínú ìwọ̀n 10 tó ń wọ ikùn wọn lóòjọ́, kí 9 jẹ́ fíìdì, kí ìpápánu má ju 1 lọ. Ọ̀rá inú ìdin yìí pọ̀, adìẹ tó bá ti tọ́ ọ wò lè máa dúró dè é kó má jẹ fíìdì mọ́, yíyan oúnjẹ tí à ń sá fún gan-an sì nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn tún ní èyí tí wọ́n pò pọ̀ nínú ọ̀rá aláràbarà, odindi àgbàdo, bàbà, èso sunflower, àti ìdin díẹ̀díẹ̀ láàárín. Mo rà á torí ó wù mí lójú. Fún àgbà adìẹ, kò burú, fún òròmọdìẹ, ẹ fi owó yín pamọ́. Odindi àgbàdo tóbi jù fún ọ̀nà ọ̀fun wọn, sunflower tó wà nínú èèpo le jù, ohun tí wọ́n wá ń ṣe ni pé wọ́n ń ṣa bàbà àti ìdin jẹ, wọ́n ń fi ìyókù sílẹ̀ kí eku wá kó o. Tó bá jẹ́ bàbà lẹ fẹ́, ẹ ra bàbà ní kóńgò lọ́jà, kò wọ́n tó ìyẹn.

Ẹ ó ní ṣé dandan ni ká ra ìdin ni? Kì í ṣe dandan. Ẹyin sísè tí a rún wẹ́wẹ́ ni wọ́n tètè gbà jù nínú gbogbo ohun tí mo gbé fún wọn, àwọ̀ òféefèé ibẹ̀ máa ń fà wọ́n mọ́ra, kò sì sí ohun tó burú nínú kí adìẹ jẹ ẹyin tó ti jinná. Tẹ̀tẹ̀ àti ewé ugwu, ẹ má gé e sílẹ̀, ẹ dì í pọ̀ kẹ́ ẹ so ó rọ̀ ní ìwọ̀n ibi tí ẹnu wọn dé, bó ṣe ń mì ni wọ́n á máa ṣá a. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n, kùkúńbà, wọ́tàmẹ́lọ̀n lásìkò ooru. Ẹ má fi ṣúgà tàbí oyin sí nǹkan kan kó lè dùn, adìẹ ò ní ohun tí ahọ́n fi ń mọ adùn ṣúgà rárá, àwọ̀ àti omi inú wọ́tàmẹ́lọ̀n ló ń tẹ̀ lé. Ìkorò ló mọ̀ dáadáa, torí náà ẹ má bínú tí wọ́n bá kọ ewúro. Ata náà kì í ta wọ́n, ẹni tó bá ti sá ata sílẹ̀ nílé tí adìẹ wà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ikán ńkọ́? Ikán dáa púpọ̀, òun ni ìdin àwọn bàbá wa. Ní Benin àti Togo, títí dé Burkina Faso, àwọn àgbẹ̀ ṣì máa ń kó pòròpórò àti ìgbẹ́ màálù gbígbẹ sínú ìkòkò tàbí igbá, wọ́n á dojú ẹ̀ dé sórí ihò ikán, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, ikán á ti kún inú ẹ̀, wọ́n á gbọ̀n ọ́n síwájú ọmọ adìẹ àti ọmọ awó. Ẹni tó bá níbi tó ti lè ṣe é, kó ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ààyè ni, ó ń rìn, òròmọdìẹ kì í bẹ̀rù ẹ̀ pẹ́. Kìkì pé kẹ́ ẹ rí i dájú pé kò sẹ́ni tó ta oògùn ikán síbẹ̀. Ìdin tí ẹ bá rí lára òkú ẹran ńkọ́, ẹ má fún wọn láé! Oró kan máa ń wà nínú òkú tó ń jẹrà, ìdin á gbé e sára, adìẹ tó bá jẹ ẹ́, ọrùn á kọ́kọ́ rọ, ẹsẹ̀ á rọ, kò sì pẹ́ kó tó kú. Ìdí tí mo fi ń sanwó fún èyí tí wọ́n sìn níbi tó mọ́ nìyẹn.

Àwọn ohun tí kò gbọdọ̀ débẹ̀: píà, ẹ̀wà tútù tí a ò sè, èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, èèpo ànàmọ́ òyìnbó tó ti yí sí àwọ̀ ewé, ṣokoléètì, àti àjẹkù oúnjẹ tó níyọ̀. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti índómì lẹ máa ń rí tí àwọn ọmọ ń jù sí wọn, ẹ kìlọ̀ fún wọn, iyọ̀ díẹ̀ lójú wa ti pọ̀ jù fún ara kékeré yẹn.

Nǹkan kan tó tún ká mi lára. Òròmọdìẹ tó ń yan oúnjẹ yàtọ̀ sí òròmọdìẹ tí kò jẹun. Èyí tó ń yàn á kọ ẹ̀fọ́ àmọ́ á jẹ sítátà ẹ̀, ojú ẹ̀ á mọ́, á máa sáré. Èyí tó bá kọ sítátà, tó ń sọ apá sílẹ̀, tó pa ojú dé, tí ìyẹ́ ẹ̀ rú, tí ìgbẹ́ ẹ̀ bá ní ẹ̀jẹ̀ tàbí tó di omi aláwọ̀ ewé, kì í ṣe ìpápánu ló nílò, dókítà ẹranko ni. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lúkúlúkú, tí àwọn dókítà ń pè ní Newcastle, kò ní oògùn tó bá ti wọlé, àjẹsára ni, Lasota tí wọ́n ń pò sínú omi mímu, ó sì máa ń jà gan-an lásìkò ọyẹ́. Kò sí ìdin tó lè dí ipò ìyẹn, ì báà dáa tó báwo.

Èrè tí mo rí níbẹ̀ ju ti oúnjẹ lọ. Adìẹ tí ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án tẹ́lẹ̀ ń gun orí itan mi báyìí, mo lè yẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ wò, mo lè yẹ abẹ́ apá ẹ̀ wò bóyá ìná wà níbẹ̀, láìlé e kiri. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní búrúdà tí wọ́n ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo kan ń mi agolo tí ìdin wà nínú ẹ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn á wọ àgò, n kì í wá ìkankan nínú igbó aládùúgbò mọ́. Fún èmi, ìyẹn nìkan tó owó ẹ̀.

Owó ẹ̀ ńkọ́, kílò kan ẹ̀ wọ́n ju kílò sítátà lọ dáadáa, mi ò ní kọ iye tí mo rà á torí kó tó di pé ẹ ka èyí ó lè ti yí padà. Àmọ́ ó fúyẹ́ gan-an, ọ̀rá kékeré kan máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí adìẹ ẹ̀ ò pọ̀, tó bá jẹ́ pé bí ìpápánu lẹ ṣe ń fún wọn lóòótọ́. Ẹni tó bá ní adìẹ púpọ̀ tó fẹ́ ẹ fi dípò fíìdì, ẹ jọ̀ọ́, kò bọ́ sí i, ẹ máa náwó gan-an, ara wọn ò sì ní rí ohun tó yẹ kó rí.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé e délé, ẹ kó o kúrò nínú ọ̀rá, ẹ dà á sínú agolo tàbí ike tí ìdérí ẹ̀ ń dì, ẹ gbé e síbi tí kò ní gbóná tí omi ò sì lè dé. Èèrà fẹ́ràn ẹ̀ ju adìẹ lọ, aáyán náà ń bọ̀. Lásìkò òjò, ọwọ́ tútù tẹ́ ẹ bá kì bọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti tó láti bà á jẹ́, ṣíbí gbígbẹ ni kẹ́ ẹ máa lò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á ní Bódìjà tàbí níbikíbi, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n gbẹ ẹ́ àti ibi tí wọ́n ti sìn ín, ẹ ní kí wọ́n já ọ̀kan kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀, ẹni tó bá ní òun ò lè já a, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.